Hilux 2.7 tó ń kó iṣu: ṣé gíà ẹ̀yìn ni kí n pààrọ̀ ni, àbí diff fúnra rẹ̀?

ỌmọṢakí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Hilux 2.7 oní-pẹtiróòlù ni mo ní, 4x4, gíà ọlọ́wọ́ ni. Iṣu àti gbágùúdá ni mo fi ń kó láti àwọn oko ẹ̀yìn Ṣakí, mo ń gba Ìṣẹ́yìn lọ sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Táyà 225/70R15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo rà á. Mo bọ́ ọ, mo wọ 265/65R17 fún un kó lè ga kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹrù bá ti kún, gíà karùn-ún kò wúlò fún mi mọ́ lórí òkè, ẹ̀kẹta ni mo máa ń já a sí.

Ìyọnu kejì rèé: bí òjò bá rọ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni yóò máa yí, tí èkejì á dúró gbọnin bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

Ẹnì kan tó ń ta páàtì ní kí n ra diff (àkójọ gíà tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì) 4.88, pé òun ni yóò parí gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n jẹ́ kí wẹ́ẹ̀dà jó diff ẹ̀yìn pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

MẹkáníìkìGate

Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì lẹ kó pọ̀ sójú kan, ọ̀gá. Òkè tí ọkọ̀ kò lè gùn, ọ̀rọ̀ gíà nìyẹn. Ẹsẹ̀ kan tó ń yí lásán, ọ̀rọ̀ diff nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fi 4.88 sí i lónìí, ọkọ̀ á lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ á ṣì máa yí lásán ni.

Ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́ ni pé a ka eyín crown (gíà ńlá inú diff), a pín in fún eyín pinion (gíà kékeré tó ń yí i). Crown tó ní eyín 41 pẹ̀lú pinion tó ní 10 ló ń jẹ́ 4.10. 43 sí 10 jẹ́ 4.30. 41 sí 9 jẹ́ 4.556, òun ni àwọn ará ọjà ń pè ní 4.56. 39 sí 8 jẹ́ 4.875, ìyẹn 4.88 tí wọ́n fi ń pọ́n yín lójú. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ń pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á sì máa yí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó sá iye eré kan náà.

Ẹ má ra nǹkan kan títí ẹ ó fi mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín. Ẹ wo páálí irin tí Toyota lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n kọ TRANS/AXLE sí ibì kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti dàgbà, ta ló mọ ẹni tó ti pààrọ̀ diff rẹ̀ rí? Ẹ fọwọ́ ara yín kà á. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi òkúta di ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì dáadáa, ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, kí gíà wà ní neutral, kí ọkọ̀ sì wà lórí 2H (ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń gba agbára). Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo, kí èkejì wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi ìdúró irin sí abẹ́ axle (irin gbọọrọ tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì). Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà àti sí propeller (ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára láti gearbox lọ sí diff). Ẹ wá yí táyà yẹn nígbà 20, kí ẹnì kan máa ka iye ìgbà tí propeller ń yí. Nítorí pé ẹsẹ̀ kejì dúró, ìdajì ni crown ń yí, nítorí náà 20 ti táyà jẹ́ 10 ti crown. Bí propeller bá yí 41, 4.10 lẹ ní. Bó bá yí bíi 45 àbọ̀, 4.556 ni. Ẹ má fi ìgbà méjì péré kà á bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, 4.10 àti 4.30 á jọra mọ́ yín lójú.

Olùkọ́Físíìsì

Ọ̀gá mẹkáníìkì ti sọ ọ́ re. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò táyà kún un, torí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni agbára yín gbà lọ.

Táyà 225/70R15: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 225 mílímítà, ògiri rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ìyẹn 157.5. Ògiri òkè àti tìsàlẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ 315. Ríìmù ínṣì 15 jẹ́ 381. Gíga táyà náà jẹ́ 696. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 265/65R17, ẹ ó rí nǹkan bíi 776. Táyà tuntun fi ìdá 11.5 nínú 100 ga ju ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ 4.10 ló wà nídìí ọkọ̀, bíi 3.68 ló ń ṣe báyìí. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín mú agbára kúrò láìfọwọ́ kan gíà rárá.

Kí lẹ nílò kí ọkọ̀ lè padà sí bó ṣe wà? 4.10 lọ́nà 776, kí ẹ pín in fún 696: 4.57. Nínú àwọn gíà tó wà fún Toyota, 4.556 ló sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹ wò ó lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí, nínú gíà kẹrin tí gearbox kì í pọ̀ sí i tí kì í dín in kù: pẹ̀lú táyà kékeré àti 4.10, ẹ́ńjìnnì ń yí bíi 3,125 ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú táyà ńlá àti 4.10, ó já sí 2,800. Pẹ̀lú táyà ńlá àti 4.556, ó padà sí 3,115. Bẹ́ ẹ bá wọ 4.88 fún un, 3,330 ni. Ẹ ó máa gbọ́ igbe ẹ́ńjìnnì láti Ìṣẹ́yìn dé Ìbàdàn, ẹ ó sì máa ra epo sí i nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ lófìfo.

Ẹ ṣọ́ra fún eré pẹ̀lú. Bí aago ọkọ̀ yín bá kọ 100 lórí táyà ńlá yẹn, bíi 111 lẹ ń sá.

ÌyáKòkó_Oǹdó

Ọmọ mi, táyà àtijọ́ àti ríìmù rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ṣì wà nílé, dá wọn padà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, di irú ẹrù tó o máa ń dì, kó o sì gun òkè kan náà. Bí agbára bá padà, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, kò sì ná ọ ní nǹkan kan ju owó vulcanizer lọ. Bí agbára kò bá padà, a jẹ́ pé clutch, plug tàbí ẹ̀rọ epo ló ń dà ọ́ láàmú, gíà tuntun kò ní wo ìyẹn sàn.

Mo ní Hilux tó ń kó kòkó láti oko wá sí ilé ìtajà. Ìlànà tí mo fi lélẹ̀ fún àwọn awakọ̀ mi ni pé ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Àwọn kan máa ń di iṣu dé òrùlé, wọ́n á wá máa bẹ gíà pé kó gbà wọ́n. Bẹ́ríǹ ẹ̀yìn àti half shaft (ọ̀pá irin tó ń yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan) ló ń jìyà rẹ̀, kódà bí gíà bá tiẹ̀ lágbára. Mo fẹ́ kó o gbọ́ èyí dáadáa, torí bí half shaft bá kán lóru lójú ọ̀nà oko, ẹ̀mí ènìyàn ló wà nínú ewu.

MẹkáníìkìGate

Ẹ ṣé, Mà. Dídán an wò yẹn dára gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ pé kó fi táyà kékeré ṣe é títí ayé. 40 mílímítà ló máa pàdánù lábẹ́ diff. Ní àárín kòtò méjì tí táyà tirakitọ̀ gbẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ikùn diff ti ń jókòó lé òkìtì, tí gbogbo ẹsẹ̀ á sì rọ̀ sókè.

ÒkèÒkun_Texas

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìhà ibí yìí, ìgbà téèyàn bá ń ra pickup lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ló ti ń yan gíà ẹ̀yìn. F-150 kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n gbà pé kó fà lè yàtọ̀ nítorí pé ọ̀kan ní 3.55, èkejì ní 3.73. Àmì rẹ̀ wà lórí páálí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ti GM, kóòdù ni wọ́n máa ń kọ: GU6 ni 3.42, GT4 ni 3.73, G80 sì ni diff tó máa ń dì fúnra rẹ̀ bí ẹsẹ̀ kan bá ń yí lásán. Bẹ́ ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà nílé, ẹ ka páálí yẹn kí ẹ tó sanwó, kò sí ẹni tó lè fi ẹnu tan yín jẹ.

Ní ti ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé oríṣi diff bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Diff lásán, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, agbára kan náà ló ń fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ kan kò bá rí ilẹ̀ dì mú, agbára táṣẹ́rẹ́ ló tó láti yí i, táṣẹ́rẹ́ yẹn náà ni èkejì á rí gbà. Ìdí nìyẹn tí èkejì fi ń dúró.

Limited slip ní àwọn àwo tó ń há mọ́ra wọn, ó máa ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ tó dúró. Ó dára fún ọ̀nà tó tutù àti yẹ̀pẹ̀, awakọ̀ kì í tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo yẹn ń jẹ, ó sì ní irú epo gíà tó ń fẹ́. Oríṣi kan tún wà tó jẹ́ gíà ló fi ń ṣiṣẹ́, Torsen jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: kò ní àwo tó lè jẹ, àmọ́ bí ẹsẹ̀ kan bá rọ̀ sókè pátápátá, òun náà kò ní nǹkan púpọ̀ tó lè ṣe àfi kí awakọ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀.

Locker ló ń so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ tí wọ́n á fi yí bákan náà. Detroit Locker ń dì fúnra rẹ̀, ó ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ní kọ́nà. Èyí tí awakọ̀ ń fọwọ́ tẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: lọ́ọ̀kì oníná tí Toyota fúnra wọn ń ṣe, tàbí Air Locker ti ARB láti Ọsirélíà tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́. Lórí títì, diff lásán ni. Tẹ́ ẹ bá dé ẹrẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń yí fùù. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ tú u.

ỌmọṢakí

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ti wẹ́ẹ̀dà ńkọ́? Ó ní wákàtí kan péré ni.

MẹkáníìkìGate

Ẹ má ṣe é. Ẹ má tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ tí wọ́n jó diff ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ kì í fẹ́ ya kọ́nà, ẹsẹ̀ tó wà níta kọ́nà fẹ́ yí ju tinú lọ, kò sì rí àyè, táyà á máa ha títì. Nígbà tí títì bá tutù, ìdí ọkọ̀ lè gbá yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Half shaft á máa kán. Ọkọ̀ tó ń kó ènìyàn lọ sọ́jà kò gbọdọ̀ ní irú rẹ̀ nídìí.

Kí ẹ tó rí owó kó jọ fún locker, ohun kan wà tẹ́ ẹ lè máa ṣe: bí ẹsẹ̀ kan bá ń yí lásán, ẹ rọra fa bíréèkì ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ epo jẹ́jẹ́. Bíréèkì yẹn á di ẹsẹ̀ tó ń yí mú, agbára á sì dé ọ̀dọ̀ èkejì. Kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ó sì lè jó bíréèkì tẹ́ ẹ bá pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ awakọ̀.

Nǹkan mìíràn tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé: 4x4 ni ọkọ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ gíà ẹ̀yìn, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ tiwájú sí iye kan náà. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 4.556 tí iwájú jẹ́ 4.10, ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn á máa bára wọn jà nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ 4H (tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba agbára), transfer case (àpótí gíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn) ló sì máa ń fọ́. Bí owó kò bá tíì tó fún iwájú, ẹ tú propeller iwájú sílẹ̀, ẹ máa wa ọkọ̀ bí oní-ẹsẹ̀-méjì títí owó á fi dé. Ní ti Hilux pẹ̀lú, 4H kì í ṣe fún títì gbígbẹ.

Ladipo_Páàtì

Mo ń ta irú ẹrù yìí ní Ládípọ̀, mo sì fẹ́ kí oníbàárà mọ ohun tó ń rà. Diff ẹ̀yìn Hilux máa ń jáde lódidi láti iwájú axle, crown àti pinion pẹ̀lú bẹ́ríǹ wọn lápapọ̀. Odidi yẹn ni kí ẹ máa rà ní tòkunbọ̀. Ẹ má gba crown láti ibì kan, kí ẹ gba pinion láti ibòmíràn. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti lọ àwọn méjèèjì pọ̀, bẹ́ ẹ bá tú wọn ká, wọn ò ní bára mu mọ́, wọ́n á máa hu.

Tẹ́ ẹ bá gbé e lé tábìlì, ẹ ka eyín níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ fọwọ́ yí pinion: ó gbọ́dọ̀ yí geerege, kó má há, kó má sì mì síwá sẹ́yìn. Ẹ fi ìka gbá gbogbo eyín crown kiri, ẹ wá èyí tó ti ya lẹ́nu tàbí tó ní ihò wẹ́wẹ́. Bí irin rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ti yí sí búlúù, ó ti ṣiṣẹ́ láìsí epo rí, ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ ka eyín orí half shaft náà, kó bá tiyín mu.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ́ọ̀kì oníná ti Toyota, ilé axle rẹ̀ yàtọ̀ sí tèyí tí kò ní i, nítorí náà orí diff nìkan kò ní wọlé. Odidi axle ni kí ẹ wá.

ÌyáKòkó_Oǹdó

Kí wọ́n má sì gbàgbé epo gíà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń dàgbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí diff rẹ̀ rí.

MẹkáníìkìGate

Òótọ́ ni, Mà. GL-5 ni kí ẹ lò, 80W-90 tàbí 85W-90. Ihò tí a ń gba kún un ni kí ẹ kọ́kọ́ tú kí ẹ tó tú tìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti da epo àtijọ́ nù tán, tí nọ́ọ̀tì òkè wá kọ̀ tí kò tú, ọkọ̀ ò lè kúrò lójú kan. Ẹ kún un títí epo á fi dé etí ihò náà.

ỌmọṢakí

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ti ṣe ohun tí ẹ sọ. Èmi àti àbúrò mi la jọ kà á: propeller yí 41, ó sì kù díẹ̀ kó kọjá. 4.10 nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú epo diff ẹ̀yìn, ohun tó jáde funfun bí omi ògì. Mo wá wo orí axle, rọ́bà kékeré tó yẹ kó wà lórí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo dá táyà 225 padà, mo kó iṣu bí mo ṣe máa ń kó o. Gíà kẹrin gbé e gun òkè tí mo máa ń fi ẹ̀kẹta gùn. Ọ̀rọ̀ Mà ṣẹ. Ṣùgbọ́n ikùn diff ha òkìtì ní ọ̀nà oko kan náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà ṣẹ.

Mo ti pinnu. Táyà ńlá ló máa padà sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màá wá axle ẹ̀yìn 4.556 tó ní lọ́ọ̀kì, àti diff iwájú 4.556. Kí n tó rí owó rẹ̀, táyà kékeré ni màá máa lò fún ẹrù tó bá wúwo.

Olùkọ́Físíìsì

Ó dára bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Hilux tó jẹ́ pé ẹ̀yìn gearbox ni aago eré ti ń kà, bí 4.556 bá ti wọlé, aago yín á tún padà sọ òótọ́.

MẹkáníìkìGate

Omi ló wọ inú rẹ̀. Tí axle tó ti gbóná bá wọ odò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé láti ihò yẹn. Ẹ fi epo tuntun ṣan án, ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀, ẹ tún dà á nù títí kò fi ní funfun mọ́. Ẹ fi rọ́bà gígùn sí ihò afẹ́fẹ́ náà, kí ẹ gbé orí rẹ̀ sókè sí ẹ̀gbẹ́ bọ́dì, kí odò má lè dé ibẹ̀. Bẹ́ríǹ rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ẹ máa fetí sílẹ̀: bó bá ń hu nígbà tí ẹ tẹ epo tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀, ẹ gbé e wá kó tó pẹ́.

Ní ti axle tẹ́ ẹ fẹ́ rà, kí ẹ tó sanwó, ẹ mú tépù lọ. Ẹ wọn ibi tí sípíríǹ ewé ń jókòó lé lórí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, kó bá tiyín mu. Ẹ wo bóyá bíréèkì rẹ̀ àti okùn bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ jọ tiyín, bóyá ibi tí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há) ń so mọ́ wà, àti bóyá mọ́tò kékeré ti lọ́ọ̀kì náà ṣì ń ṣiṣẹ́: ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì kàn án lójú yín, torí ẹrẹ̀ àti omi ló máa ń pa á. Bí ẹni tó máa dì í bá tú pinion rẹ̀, kó má tún lo sleeve (òrùka irin tó ń tẹ̀ nígbà tí a bá ń dì pinion) àtijọ́ tó ti tẹ̀, tuntun ni. Àlàfo láàárín crown àti pinion gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.13 sí 0.18 mílímítà, gèéjì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ojú kò lè rí i. Kó sì fi ọ̀dà kun eyín kí ẹ jọ wo ibi tí wọ́n ti ń fẹnu ko ara wọn. Àárín eyín ló yẹ kí àmì náà wà. Lẹ́yìn náà, ẹ má di ẹrù kún un fún 800 kìlómítà àkọ́kọ́, kí ẹ sì da epo rẹ̀ nù nígbà tó bá pé bẹ́ẹ̀.